Orí Tó Kúrò Nínú Àwo

Bíbélì kò sọ pé ọmọbìnrin Hẹ́rọ́díà rí ìran kankan. Ìtàn tó wà nínú Mátíù orí 14 àti Máàkù orí 6 kò lọ́jú pọ̀. Hẹ́rọ́dù ń ṣe ọjọ́ ìbí, ọmọ ìyàwó rẹ̀ jó níwájú àwọn àlejò, ijó náà dùn mọ́ ọba nínú, ọba sì búra pé ohunkóhun tí ọmọ náà bá béèrè lòun yóò fún un. Ọmọ jáde lọ bá ìyá rẹ̀, ìyá sì ní kó béèrè orí Jòhánù Onítẹ̀bọmi, wòlíì tó ń bá ọba wí pé kò tọ́ kó gba ìyàwó arákùnrin rẹ̀. Ó dun ọba, ṣùgbọ́n ìbúra ti jáde lẹ́nu rẹ̀ lójú àwọn èèyàn ńlá. Wọ́n bẹ́ orí Jòhánù nínú túbú, wọ́n gbé e wá nínú àwo, wọ́n fi lé ọmọ lọ́wọ́, ọmọ sì gbé e fún ìyá rẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo tí ìwé náà sọ pé òkú ọ̀hún ń dà láàmú lẹ́yìn náà ni Hẹ́rọ́dù fúnra rẹ̀: nígbà tó gbọ́ òkìkí Jésù, ó ní Jòhánù tí òun bẹ́ lórí ló jí dìde. Ní ti ọmọ tó jó, ìwé kò sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, kò tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀. Inú ìwé Josephus, òpìtàn àwọn Júù ní ọ̀rúndún kìíní, la ti rí orúkọ Sálómè. Josephus náà kò sì mẹ́nu ba ijó. Ohun tó kọ ni pé Hẹ́rọ́dù pa Jòhánù ní odi Machaerus, ní ìhà ìlà-oòrùn Òkun Iyọ̀, nítorí ó ń bẹ̀rù pé àwọn ará ìlú tó ń wọ́ tẹ̀lé wòlíì náà lè dìtẹ̀ sí òun.

Nítorí náà, nígbà tí Gustave Moreau pàtẹ àwòrán kan ní Paris ní ọdún 1876, tó pe orúkọ rẹ̀ ní L'Apparition, ìyẹn Ìfarahàn, kò sí ẹsẹ Bíbélì tó lè tọ́ka sí pé ibẹ̀ lòun ti rí i. Nínú àwòrán náà, orí Jòhánù wà lókè nínú afẹ́fẹ́, ìmọ́lẹ̀ yí i ká, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lọ́rùn rẹ̀, Sálómè sì dúró ní òdìkejì rẹ̀, ó na apá rẹ̀ gbọọrọ sí i. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ti kọ̀wé nípa àwòrán yìí ló kọ ọ́ bí ẹni pé ìhòòhò obìnrin náà àti ìlẹ̀kẹ̀ ara rẹ̀ ni kókó. Èrò tèmi ni pé gbígbé tí Moreau gbé orí náà kúrò nínú àwo ni kókó. Bí a bá fi àwòrán yìí sáàárín àwọn àwòrán Jòhánù tó ti wà ṣáájú rẹ̀, tí a sì tún fi sáàárín ìjà tí àwọn ará Faransé ń jà lórí ọ̀rọ̀ ìran rírí lọ́dún náà gan-an, ìbéèrè kan ni yóò yọjú: ta ni ìran ń wá bá? Ìjọ Àgùdà ní ìdáhùn tirẹ̀, àwọn dókítà ní tiwọn. Moreau sọ pé ìran wá bá ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ lọ́rùn.

Ilẹ̀ Faransé ti mọ orí Jòhánù tipẹ́, inú àwo ni wọ́n sì ti mọ̀ ọ́n. Nígbà tí àwọn ológun ogun ìsìn kó ìlú Constantinople ní ọdún 1204, àlùfáà kan tó ń jẹ́ Wallon de Sarton wà lára àwọn tó gbé ohun mímọ́ bọ̀ láti ibẹ̀. Ohun tó gbé dé ìlú Amiens ní oṣù Kejìlá ọdún 1206 ni egungun iwájú orí kan tí wọ́n gbà pé ti Jòhánù Onítẹ̀bọmi ni, orí àwo ni wọ́n sì gbé e sí níbẹ̀. Àwọn onírìn-àjò ìsìn bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ lọ síbẹ̀, ọrẹ wọn sì wà lára ohun tó gbé kàtídírà ńlá tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní ọdún 1220 dìde. Ní Jámánì àti àwọn ìlú agbègbè rẹ̀, àwọn agbẹ́gilére ń gbẹ́ orí wòlíì náà sínú àwo, ojú rẹ̀ pípadé, ẹnu rẹ̀ ṣíṣí díẹ̀, wọ́n sì ń gbé e sí ṣọ́ọ̀ṣì kí àwọn tí ẹ̀fọ́rí ń dà láàmú lè gbàdúrà níwájú rẹ̀. Lára ẹnu ọ̀nà kàtídírà Rouen, àwọn agbẹ́kùúta gbẹ́ ọmọ náà níbi tó ti dorí kodò, tó fi ọwọ́ dúró, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lókè, bí àwọn ọ̀jẹ̀ eléré ìgbà náà ṣe máa ń ṣe lójúde ọba. Àwọn àgbà ayàwòrán Ítálì, láti Titian títí dé Caravaggio, fi àwo lé Sálómè lọ́wọ́, wọ́n sì jẹ́ kó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kúrò lára ohun tó gbé. Nínú gbogbo iṣẹ́ wọ̀nyí, orí ti dákẹ́. Ohun mímọ́ ni, ohun ìbànújẹ́ ni, ṣùgbọ́n ohun tí èèyàn ń gbé ni: a lè fi lé ẹnì kan lọ́wọ́, a lè tì í sínú àpótí, a lè kó o bọ̀ láti ojú ogun. Moreau lọ sí Ítálì ní ọdún 1857, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1859, ó ń da iṣẹ́ àwọn àgbà kọ ní Róòmù, Florence, Venice àti Naples. Ó mọ àwo náà dáadáa. Nígbà tó mú un kúrò lábẹ́ orí, ó mọ ohun tó ń ṣe.

Ta ni Moreau? Paris ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1826, ayàwòrán ilé ni bàbá rẹ̀. Àwòrán Oedipus àti Sphinx tó pàtẹ ní ọdún 1864 ló gbé orúkọ rẹ̀ jáde ní Salon, ìpàtẹ ńlá tí ìjọba Faransé máa ń ṣe nígbà náà fún iṣẹ́ àwọn ayàwòrán àti agbẹ́kùúta. Nígbà tó di 1869, àwọn lámèyítọ́ bu iṣẹ́ rẹ̀ kanlẹ̀, ó sì yọwọ́ kúrò ní Salon. Láàárín àkókò tó fi wà nílé, Prussia ṣẹ́gun Faransé, ebi pa Paris nígbà tí àwọn ọmọ ogun yí i ká, àwọn ará ìlú náà sì tún para wọn nílé àti lóde nígbà ìjà Commune ní ọdún 1871. Nígbà tó padà dé ní ọdún 1876, Sálómè méjì ló gbé wá pẹ̀lú àwọn iṣẹ́ mìíràn. Èkíní jẹ́ àwòrán ọ̀dà olóròóró, Sálómè tó ń jó níwájú Hẹ́rọ́dù, èyí tó wà ní Los Angeles lónìí. Èkejì ni L'Apparition, tó fi ọ̀dà olómi yà sórí bébà. Àwọn tó wọlé wo Salon ọdún náà lé ní ìdajì mílíọ̀nù, ogunlọ́gọ̀ sì dúró níwájú àwọn Sálómè méjèèjì.

Ó yẹ ká wo méjèèjì pọ̀, nítorí ìgbà kan náà ni ayàwòrán náà fi wọ́n síta, ìyàtọ̀ wọn sì ń sọ̀rọ̀. Nínú ti ọ̀dà olóròóró, Sálómè fi ọmọńkasẹ̀ dúró, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀, òdòdó kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń rìn bí ẹni tó wà lẹ́nu ètùtù. Hẹ́rọ́dù jókòó sórí ìtẹ́ bí ère, ère òrìṣà Dáyánà ti Éfésù sì wà lókè lẹ́yìn rẹ̀. Nínú àwọn àkọsílẹ̀ tí Moreau fi sílẹ̀, ó ní aríran obìnrin, àjẹ́ inú ìsìn, lòun fẹ́ kí obìnrin náà jọ. Kò tíì sí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀. Àṣẹ wà lọ́wọ́ Sálómè, gbogbo ààfin ló sì ń wojú rẹ̀. Nínú L'Apparition, ó ti ṣẹlẹ̀. Ọba ṣì jókòó sórí ìtẹ́ lápá òsì, Hẹ́rọ́díà wà nítòsí rẹ̀, olórin kan mú ohun èlò orin rẹ̀ dání, tẹ̀tù dúró lápá ọ̀tún pẹ̀lú idà, ó ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán. Ojú ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sí lókè. Láàárín wọn, Sálómè nìkan ni ara rẹ̀ le gbagidi, apá rẹ̀ nà jáde, orí Jòhánù sì dojú kọ ọ́. Ẹni tí gbogbo ojú ń wò nínú àwòrán kìíní ló di ẹni tí ojú kan ṣoṣo mú mọ́lẹ̀ nínú èkejì. Níwọ̀n ìgbà tí orí bá wà nínú àwo, ọmọ náà ló ni ín. Ó lè gbé e, ó lè fi tọrẹ. Nígbà tó kúrò níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ni ín mọ́, kò sì sí ibi tí Sálómè lè gbé e sí. Akéwì Jámánì kan, Heinrich Heine, ti kọ nípa òkú Hẹ́rọ́díà tó ń gun ẹṣin lóru, tó ń fi orí wòlíì ṣeré lọ́wọ́; ṣùgbọ́n ti Heine ṣì jẹ́ orí tí obìnrin ń lò. Èyí tí Moreau yà ń wo obìnrin náà lójú.

Ní ọdún 1876, irú ọ̀rọ̀ báyìí kì í ṣe ìtàn àtijọ́ lásán létí ará Faransé. Láti ọgbọ̀n ọdún ṣáájú ni ìròyìn ìran ti ń jáde láti ìgbèríko wọn. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1846, àwọn ọmọ méjì tó ń da màlúù, Mélanie Calvat àti Maximin Giraud, sọ pé àwọn rí obìnrin kan tó ń sunkún lórí òkè La Salette. Ní ọdún 1858, Bernadette Soubirous, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tí àwọn òbí rẹ̀ tòṣì, rí Obìnrin kan nínú ihò àpáta Massabielle ní Lourdes, ìgbà 18 ni wọ́n sì kà láti oṣù Kejì sí oṣù Keje. Nígbà tí ogun Prussia ń jà lọ́wọ́, ní oṣù Kìíní ọdún 1871, àwọn ọmọdé tún rí Màríà lójú ọ̀run ní abúlé Pontmain. Bíṣọ́ọ̀bù yẹ ọ̀rọ̀ wọn wò, ó sì fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn tí wọ́n pàdánù ogun, ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Lourdes láti bẹ Ọlọ́run fún orílẹ̀-èdè wọn. Ní ọjọ́ 2, oṣù Keje, ọdún 1876, ní ìwọ̀nba oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí Salon ṣí, kádínà Paris ya ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ibẹ̀ sí mímọ́. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n dé ère Màríà ládé. Gbogbo àwọn tó rí ìran wọ̀nyí jọra lọ́nà kan. Ọmọdé ni wọ́n, tálákà ni wọ́n, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ ńlá kankan lọ́rùn wọn. Àìmọwọ́-mẹsẹ̀ wọn gan-an ni ìjọ fi ṣe ẹ̀rí pé òótọ́ ni wọ́n ń sọ.

Àwọn tó yà wọ́n sínú àwòrán tún wá mú ọ̀rọ̀ náà rọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Joseph Fabisch, agbẹ́kùúta ará Lyon, gbẹ́ ère mábù tí wọ́n gbé sínú ihò Massabielle ní ọdún 1864. Bernadette wò ó, ó sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹni tí òun rí kọ́ nìyí. Àwòrán títẹ̀ olówó pọ́ọ́kú tí àwọn èèyàn ń rà níbi ìrìn-àjò ìsìn kún fún ojú tútù, aṣọ funfun àti ọwọ́ àdúrà. Moreau mọ iṣẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Ní àwọn ọdún 1860 ó ti ya ibùdó mẹ́rìnlá ti ọ̀nà àgbélébùú fún ṣọ́ọ̀ṣì Decazeville, kò sì kọ orúkọ rẹ̀ sára wọn. Ṣùgbọ́n ìran tó yà ní ọdún 1876 dojú gbogbo àṣà yìí rú. Aríran rẹ̀ kì í ṣe darandaran. Ààfin ló wà, wúrà àti òkúta iyebíye ló bo ara rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ló sì fi béèrè ikú ẹni tó wá bá a. Mo rò pé ìdí nìyí tí àwòrán náà fi ní agbára tí ọ̀pọ̀ àwòrán ìsìn ìgbà náà kò ní. Ó mú ìran padà sí ibi tí Bíbélì sábà máa ń fi í sí: ìka ọwọ́ tó kọ̀wé sára ògiri níwájú Bẹliṣásárì níbi àsè, Sọ́ọ̀lù tó ń lọ mú èèyàn ní Dàmásíkù, ẹ̀jẹ̀ Ábẹ́lì tó ń ké láti inú ilẹ̀. Hẹ́rọ́dù tó rò pé Jòhánù ti jí dìde wà lára ẹgbẹ́ yìí pẹ̀lú. Moreau kàn gba ẹ̀rù náà lọ́kàn ọba ni, ó gbé e fún ọmọ tó jó.

Ẹnì kan lè sọ pé èmi ni mò ń pe ohun tó jẹ́ àìsàn ní ìran. Àtakò yìí kì í ṣe kékeré, nítorí ọdún náà gan-an ló ti ń gbérí. Ní ilé ìwòsàn Salpêtrière ní Paris, dókítà Jean-Martin Charcot ń ṣàyẹ̀wò àwọn obìnrin tó ní àìsàn hístéríà. Láàárín ọdún 1876 sí 1877, àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, Bourneville àti Regnard, tẹ ìwé fọ́tò àwọn aláìsàn wọ̀nyí jáde: obìnrin tó na apá rẹ̀ gan, obìnrin tó ranjú sókè bí ẹni ń bá ọ̀run sọ̀rọ̀. Ní ọdún 1887, Charcot àti Richer tún kọ ìwé láti fi hàn pé àwọn ẹlẹ́mìí èṣù inú àwòrán àtijọ́ kì í ṣe nǹkan mìíràn ju aláìsàn lọ. Ẹni tó bá wo apá Sálómè tó le gan àti ojú rẹ̀ tó ranjú lè sọ pé Salpêtrière ni Moreau ń yà, pàápàá nígbà tí kò sí ẹlòmíràn nínú ààfin tó ń rí nǹkan kan. Bí gbogbo èèyàn kò bá rí i, inú orí obìnrin náà ló wà nìyẹn.

Ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú àwòrán ló dá mi lójú pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ń kán láti ọrùn Jòhánù, ó ń gba inú afẹ́fẹ́ bọ̀, ó sì dé ilẹ̀, ó dúró síbẹ̀. Ohun tó wà nínú orí aláìsàn kì í ba ilẹ̀ ààfin jẹ́. Bí Moreau bá fẹ́ kí a gbà pé ọkàn Sálómè nìkan ló ń ṣeré, ó lè jẹ́ kí orí náà fúyẹ́ bí èéfín, kó má ní ìwúwo, kó má ní àbààwọ́n. Ó ṣe òdìkejì èyí. Ẹgbẹ́ tó kù nínú yàrá náà ló yà bí òjìji, orí ló sì fi ọwọ́ mú dáadáa, pẹ̀lú òbírí ìmọ́lẹ̀ tó fi ìlà tín-ín-rín tò yí i ká. Àìrí àwọn tó kù kò sì já ọ̀rọ̀ náà nírọ́. Àwọn tó bá Sọ́ọ̀lù rìn ní ọ̀nà Dàmásíkù kò rí ohun tó rí, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó kúnlẹ̀ yí Bernadette ká kò rí Obìnrin náà. Ní ti ìgbàgbọ́ Moreau fúnra rẹ̀, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun kò gba ohun tí òun ń fọwọ́ kàn tàbí èyí tí ojú òun ń rí gbọ́, pé ohun tí òun kò rí àti ohun tí òun ń mọ̀ lára nínú lọ́hùn-ún lòun gbà gbọ́. Ẹni tó ní irú èrò yẹn kò ní yàwòrán kan láti fi sọ pé ohun tí a kò fojú rí kò sí.

Àtakò kejì le jù, nítorí inú ìwé olókìkí ló ti wá. Ní ọdún 1884, J.-K. Huysmans tẹ ìtàn àròsọ À rebours jáde. Des Esseintes, olówó tí ayé ti sú, tó ti ara rẹ̀ mọ́lé, kó Sálómè Moreau méjèèjì sínú ilé rẹ̀, ó ń jókòó tì wọ́n lóru, ó sì rí abo-ọlọ́run ìfẹ́kùfẹ́ẹ̀ nínú obìnrin náà. Ojú ìwé wọ̀nyí dùn ún kà débi pé láti ìgbà náà, ojú des Esseintes ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń wo iṣẹ́ Moreau. Oscar Wilde kà á, ó kọ eré Salomé ní èdè Faransé, tó jáde ní ọdún 1893. Lọ́dún kan náà, Aubrey Beardsley ya obìnrin náà níbi tó ti gbé orí Jòhánù dání sókè, tó ti fẹnu kò ó. Àṣẹ ti padà sọ́wọ́ obìnrin. Orí ti tún di ohun tí a ń gbé. Odilon Redon náà, tó fẹ́ràn iṣẹ́ Moreau, ti fi èédú ya orí ajẹ́rìíkú kan ní ọdún 1877 tó jókòó jẹ́ẹ́ sórí àwo ẹlẹ́sẹ̀. Ó hàn pé àwọn tó tẹ̀lé Moreau kò lè fi orí náà sílẹ̀ lókè. Huysmans fúnra rẹ̀ kò dúró síbi tí des Esseintes dúró sí: ní nǹkan bí ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn ìwé náà ó padà sínú ìjọ Àgùdà, ìwé tó kọ gbẹ̀yìn kó tó kú sì dá lórí ogunlọ́gọ̀ Lourdes. N kò sọ pé ìfẹ́kùfẹ́ẹ̀ kò sí nínú àwòrán náà. Ó wà níbẹ̀, Moreau kò sì fi pamọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ọwọ́ bo orí Jòhánù, ohun tó kù ni oníjó kan tó na apá sí òfìfo. Orí ló fún apá náà ní ìtumọ̀.

Àléébù gidi kan wà nínú àwòrán yìí, n kò sì ní gbèjà Moreau lórí rẹ̀. Nínú Máàkù, ọmọdébìnrin ni ẹni tó jó. Ìyá rẹ̀ ló ṣe ètekéte, ọba ló pàṣẹ, àwọn àgbààgbà tó jókòó síbi àsè ló dákẹ́. Moreau sọ ọmọ náà di àgbà obìnrin, ó gbé gbogbo ẹ̀bi náà kà á lórí, ó sì fi àwọn tó kù sílẹ̀ sínú òkùnkùn bí ẹni pé wọn kò mọ nǹkan kan. Àkọsílẹ̀ rẹ̀ nípa Sálómè mú kó hàn pé obìnrin tí nǹkan tètè ń sú, tí ìkà kò jẹ́ nǹkan kan lójú rẹ̀, ló ń rò, ó sì dà bíi pé àwọn obìnrin ìgbà rẹ̀ pẹ̀lú ló ń bá wí. Àìtọ́ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ààfin tó kọ́ fún un. Àwọn ọ̀mọ̀wé ti fi hàn pé ọ̀ṣọ́ ara ògiri àti òpó rẹ̀ wá láti Alhambra ní Granada, ní ilẹ̀ Sípéènì, tí àwọn ọba Mùsùlùmí kọ́ ní nǹkan bí 1,300 ọdún lẹ́yìn Hẹ́rọ́dù. Ó sì kó ohun ọ̀ṣọ́ láti ibòmíràn mọ́ ọn. Inú ìwé ìròyìn alápèjúwe àti fọ́tò ló ti ń rí wọn, nítorí kò rìnrìn-àjò lọ sí ìlà-oòrùn rí. Àwọn ará Yúróòpù ìgbà náà fẹ́ràn kí ẹ̀jẹ̀ àti ìfẹ́kùfẹ́ẹ̀ máa gbé ní ilẹ̀ ẹlòmíràn, lábẹ́ òrùlé mọ́ṣáláṣí, àwòrán yìí sì jẹ nínú àṣà yẹn. Émile Zola, tó kọ̀wé nípa Salon ọdún náà, rí i bí sísá fún ayé òde òní, lákòókò tí Monet àti àwọn ayàwòrán ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pàtẹ òpópónà àti odò ní ibòmíràn ní Paris. Mo gbà pẹ̀lú Zola pé ààfin náà kì í ṣe ibì kankan láyé. Ibi tí mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ ni pé ìbéèrè inú rẹ̀, bóyá ẹni tó pààyàn lè bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó pa, kì í ṣe sísá fún ohunkóhun ní ìlú tí wọ́n ti yìnbọn pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ará ìlú lójú pópó ní ọdún márùn-ún péré ṣáájú.

Ó kù kí n sọ nípa bébà, nítorí kò sí bí iṣẹ́ yìí ṣe lè rí bẹ́ẹ̀ láìsí i. Ní Faransé nígbà náà, àwòrán ọ̀dà olómi jẹ́ iṣẹ́ kékeré lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, ohun tí wọ́n ń gbé kọ́ sí yàrá ẹ̀yìn. Moreau fún un ní ìwọ̀n tó ju mítà kan lọ ní gíga, ó sì gbé e sí Salon pẹ̀lú iṣẹ́ ọ̀dà olóròóró. Ó ti ya àwòrán tó lé ní 100 láti fi wá Sálómè yìí: oníjó láti ara ẹni tó dúró fún un, ìlẹ̀kẹ̀, apá, orí Jòhánù nìkan. Àwọn kan rò pé orí Medusa tí Perseus gbé sókè nínú ère Cellini ní Florence ló wà lẹ́yìn ọkàn rẹ̀, àwọn mìíràn ń tọ́ka sí àwòrán títẹ̀ láti Jàpáànù. Ó ṣeé ṣe kí méjèèjì jẹ́ òótọ́. Síbẹ̀ ọwọ́ jagunjagun ló gbé orí Medusa dání, kò sì sí ọwọ́ kankan lábẹ́ ti Jòhánù. Lórí bébà, ọ̀dà olómi máa ń jẹ́ kí funfun ìsàlẹ̀ tàn jáde, ibi tí ayàwòrán kò bá sì bò ló máa ń mọ́lẹ̀ jù.

Àwòrán náà dé Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1877 fún ìpàtẹ ní Grosvenor Gallery. Lẹ́yìn náà, Charles Hayem, tó ń kó iṣẹ́ Moreau jọ, fi í ta ìjọba Faransé lọ́rẹ ní ọdún 1898, ọdún tí Moreau kú. Musée d'Orsay ló ni ín báyìí. Bébà kì í fara da ìmọ́lẹ̀ pẹ́, nítorí náà ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń gbé e jáde. Èyí tí àlejò sábà máa ń rí ní Paris ni L'Apparition mìíràn tó fi ọ̀dà olóròóró yà, tí Moreau kò tà, tó wà nínú ilé rẹ̀ ní òpópónà La Rochefoucauld, ilé tó fi sílẹ̀ fún orílẹ̀-èdè pẹ̀lú àwòrán tó lé ní 10,000, tó sì di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní ọdún 1903 lábẹ́ àbójútó Georges Rouault, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà ogbó rẹ̀, Moreau padà sídìí àwòrán ọ̀dà yìí, ó sì fi ìlà funfun tín-ín-rín ya ère, òpó àti ọ̀ṣọ́ sórí ògiri ààfin tó ti kùn tẹ́lẹ̀, kò sì kun àárín wọn. Bó ṣe fi í sílẹ̀ nìyẹn: ògiri ọba di ìlà tí èèyàn lè wò kọjá, ọba àti ìyàwó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá, Sálómè àti orí Jòhánù nìkan ni ọ̀dà wọn ṣì nípọn.